Tòkunbọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn

Ní Ìsìnkàn, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Fálùsì tó ń ta táyà,
ni mo ti kọ́kọ́ rí i,
ó fẹ̀gbẹ́ ti ògiri bí àlejò tí wọn kò tíì fún lómi.
Ẹsẹ̀ gígùn bíi ti lékeléke,
iwájú rẹ̀ yọ àgógó bí ẹnu ẹyẹ,
gíláàsì iná kan ti sán.

Fálùsì wò mí láti orí dé bàtà.
"Nọ́ọ̀sì, èyí ga jù yín lọ.
Ẹ jẹ́ n wá ọ̀kadà kékeré kan fún yín,
èyí tí ẹsẹ̀ yín á tólẹ̀."
Mo ní, ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ẹsẹ̀ mi ò tólẹ̀ náà,
ilẹ̀ ló dúró dè mí.

A ná an títí òjìji fi gùn.
Owó àjọ ọdún méjì, àti ẹ̀gbà ọrùn kan
tí mi ò ní sọ ẹni tó rà á fún mi.

Wọ́n ní tòkunbọ̀ ni.
Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun là ń pè bẹ́ẹ̀ nílé wa,
a sì mọ bàbá rẹ̀.
Ta ni bàbá eléyìí?

Olúgbódi tú u palẹ̀ lábẹ́ dóńgóyárò,
Olúgbódi mẹkáníìkì, ìka mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún,
ó ní ìka kẹfà ló ń gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ.
Ó fa asẹ́ afẹ́fẹ́ yọ, ó gbọ̀n ọ́n:
iyanrìn dà sílẹ̀, funfun, ó kúnná bí àtíkè.
Kì í ṣe iyanrìn odò Àlà. Kì í ṣe ti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀.
Àwa méjèèjì dákẹ́.
Ẹnìkan ti gùn ún la aṣálẹ̀ kan já,
ó sì ṣubú lápá òsì:
àpá náà nìyí lára táǹkì, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́.
Mo gbọ́n iyanrìn náà sínú ìgò oògùn, mo dé e.
Èmi náà ò mọ ìdí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo di kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀,
yìnyín mẹ́rin nínú, okùn rọ́bà méjì lórí.
Lójú títì Ìdànrè, ó ń yọ̀ lọ
bí ẹni tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ wà lábẹ́ òun.
Àwọn ọlọ́kadà ń fun fèrè: "Nọ́ọ̀sì, ẹṣin lẹ gùn yẹn!"
Níbi tí ọ̀dà ti tán, ó bọ́ bàtà,
ó wọ abẹ́ kòkó,
ewé gbígbẹ ń fọ́ lábẹ́ wa,
gbòǹgbò ń jù wá sókè, kòtò ń gbà wá.
Mo dìde dúró lórí ìtẹsẹ̀,
orúnkún mi ń bá ọ̀nà sọ̀rọ̀.

Ìsàlẹ̀ abà Akínlùà, òjò àná ti kọjá níbẹ̀.
Ẹsẹ̀ mi wá ilẹ̀, kò rí i.
Fálùsì, o sọ ọ́!
Gbì! Lápá òsì.
Mo nawọ́ sí kúlà kí n tó nawọ́ sí orúnkún.
Yìnyín ò tíì yọ́.
Mo gbé e, kò gbé. Mo tún gbé e.
Ó wúwo ju ọkọ mi àtijọ́ lọ, ó sì ń dákẹ́ bíi tirẹ̀.
Ọmọkùnrin méjì yọ láti inú kòkó, àdá lọ́wọ́:
"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gún wa lábẹ́rẹ́,
àwa náà la tún ń gbé yín dìde!"

Ìkókó mọ́kànlá ló ké lọ́jọ́ yẹn.

Lálẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí táǹkì.
Àpá tèmi sùn ti àpá àkọ́kọ́,
ọ̀kan ti jiná, ọ̀kan ṣì tutù.
Mi ò fọ ẹrẹ̀ náà.
Bóyá lọ́jọ́ kan n óò tà á,
ẹlòmíràn á gbọn asẹ́ rẹ̀,
eruku pupa á dà sí i lọ́wọ́,
á ní: ta ni ìyá eléyìí?

Kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí ṣá.
Ọjọ́bọ̀ mìíràn ń bọ̀,
omi sì ń di yìnyín nínú fíríìjì.